Òkè tí ẹsẹ̀ lè gùn: bí a ṣe ń kọ òkè àti igbó kìjikìji sínú ìtàn àràmàǹdà, àti àwọn ìwé tí a máa ń padà sí

Kálámù-Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́. Ìtàn àràmàǹdà kan wà lọ́wọ́ mi. Ọdẹ mẹ́rin gbéra láti ìlú kan tí mo fi Iléṣà ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, wọ́n ń lọ sí Òkè Adákẹ́ níbi tí ẹbọra kan gbé ohùn ọba wọn pamọ́ sí. Ìfẹ́ òkè ló mú mi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, àmọ́ gbogbo ẹni tó ti ka orí kẹta ló ń sọ pé òkè inú rẹ̀ kò jọ òkè, pé àwòrán ara kàlẹ́ńdà ni. Ibi tí wọ́n tọ́ka sí rèé:

"Òkè Adákẹ́ ga, ó lẹ́wà, ó sì ń dẹ́rù bani. Yìnyín bo orí rẹ̀ funfun báláú. Òṣùpá tuntun yọ ní ọ̀gànjọ́ òru, Ọdẹ́rìndé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gùn ún lọ láìsinmi. Bí wọ́n ti ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti dé orí òkè."

Kí ló ń ṣe é? Àti pé ìwé wo lẹ máa ń padà sí nígbà tí ọpọlọ bá rẹ̀ yín, èyí tí ẹ lè kà nígbà mẹ́wàá tí kò ní sú yín, tí èèyàn tún lè rí ẹ̀kọ́ òkè kọ́ nínú rẹ̀?

Òkè-Ọ̀rà (Ilé-Ifẹ̀)

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kí n mú un láti orí yìnyín.

Bí èèyàn bá ń gòkè, ooru máa ń dín kù ní nǹkan bí 6.5°C fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Òkè tó fi 300 mítà ga ju ìlú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, nǹkan bí 2°C péré ló máa fi tutù jù ú lọ. Aṣọ òfì kan ti ká a. Kilimanjaro ní Tanzania ga tó 5,895 mítà kí yìnyín tó ráyè jókòó sí i lórí nínú ilẹ̀ olóoru, kò sì sí òkè kan nílẹ̀ Yorùbá tó súnmọ́ ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé funfun lo fẹ́ dandan, ohun tó wà nílẹ̀ wa tó ọ. Òjò yìnyín máa ń rọ̀ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, kì í sì í pẹ́ nílẹ̀ tó fi yọ́. Kùrukùru lè bo orí òkè títí oòrùn yóò fi mú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni òkúta funfun tó máa ń gba àárín òkúta mìíràn kọjá bí ọ̀rá nínú ẹran. Bí oòrùn bá tàn sí i lẹ́yìn òjò, ó ń dán yanran láti òkèèrè. Irú òkúta yẹn ni àwọn awawúrà ń wò lójú ní àgbègbè Iléṣà, nítorí náà ìlú inú ìtàn rẹ gan-an lè ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣojúkòkòrò òkè náà.

Òtútù ńkọ́? Lórí òkè kékeré bíi tiwa, ìdàkejì ohun tó o kọ ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Lóru tí ojú ọ̀run mọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́, afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó gbóná, ó ń ṣàn wọ àfonífojì bí omi, ó ń gọ́ síbẹ̀. Ẹni tó sùn sẹ́bàá odò nísàlẹ̀ ni eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn ní aago márùn-ún àárọ̀. Ẹni tó sùn sí ìdajì òkè kò ní gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí Ọdẹ́rìndé gòkè bọ́ sínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ̀rù bà á nítorí kò retí rẹ̀. Ẹni tó mọ òkè yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò fura sí ẹbọra, ìwọ kò sì purọ́ fún ẹnì kankan. Ìgbà oyé nìkan ni atẹ́gùn orí òkè ń gbẹni létè bí ọ̀bẹ, gbígbẹ rẹ̀ sì ló ń dunni ju òtútù rẹ̀ lọ.

Ibi tí ìṣòro gidi wà ni pé o kò tíì mọ òkúta tí Òkè Adákẹ́ jẹ́. Oríṣi méjì ló wà nítòsí wa, ẹsẹ̀ kì í rìn bákan náà lórí wọn.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó nà gbọọrọ bí ẹ̀yìn ọ̀nì, bí òkè tó wà lẹ́yìn Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ sí ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Kwọ́tsáìtì ni, ìyẹn yanrìn àtijọ́ tí ooru àti ẹrù orí rẹ̀ ti sọ di òkúta líle. Ó ń là ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, omi ń gba ojú ìlà náà jáde, ìdí nìyẹn tí omi Olúmirin fi ń já bọ́ láti ìpele dé ìpele, méje ni wọ́n. Lórí irú òkè yìí, igi wà, ojú ọ̀nà wà, omi wà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń yọ̀. Òkúta pẹlẹbẹ tó bá dà bíi pé ó dúró dáadáa lè yí lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ìdérí ìkòkò.

Èkejì ni akọ òkúta, bí ti Ìdànrè: òkúta kan ṣoṣo tó yọrí láàárín igbó bí apárí láàárín èrò. Bí ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń ṣí kúrò lórí rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ara rẹ̀ ń sinmi, ó ń bó ní ìpele bí àlùbọ́sà. Kò sí ibòji lórí rẹ̀. Ní aago méjì ọ̀sán, èèyàn kò lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán dúró sójú kan. Omi òjò kì í wọ inú rẹ̀, ṣe ló ń yọ̀ wálẹ̀ lára rẹ̀. Nítorí náà ihò kéékèèké orí òkúta lè kún lónìí kó sì gbẹ kí ọ̀sẹ̀ tó yí, nígbà tí ẹsẹ̀ òkè náà tutù, tí igi ibẹ̀ ki ju ti ibòmíràn lọ. Ọdẹ tí òùngbẹ ń gbẹ lórí akọ òkúta kì í gòkè wá omi, ẹsẹ̀ òkè ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Kí n fi ohun kan há ọ lọ́wọ́ tó o lè lò lọ́la. Wo ara akọ òkúta dáadáa, wàá rí ilà dúdú tó ń ti òkè wá sísàlẹ̀ bí ẹni da àdín dúdú sílẹ̀. Ojú ọ̀nà omi ni. Ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní tí ojú kò lè rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń hù síbẹ̀ tó ń mú un dúdú. Nígbà ẹ̀rùn, ilà yẹn rí háráhárá, ó ń di ẹsẹ̀ mú. Bí òjò bá ta sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ó di ọṣẹ. Bí òjò bá ká ọdẹ mọ́ orí òkúta, àárín ilà dúdú kan àti èkejì ni kó máa gbà, ní ibi tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Ọdẹ tó dàgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn mẹ́rin ni kó má mọ̀ ọ́n.

Òṣómàáló1

Ẹ̀gbọ́n ti parí ẹ̀. Èmi kàn ń jókòó de ẹbọra ni. Tẹ́ ẹ bá fi òkè lọ̀ mí, tí n kò rí ẹbọra títí orí kẹta fi parí, ẹnu ọ̀nà òǹkọ̀wé ni mo máa lóṣòó sí títí n ó fi gba owó mi.

Ọmọ-Ọlọ́dẹ

Ẹbọra á dé, ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ òṣùpá ni tèmi.

Òṣùpá tuntun kì í yọ ní ọ̀gànjọ́ òru láéláé. Ìwọ̀-oòrùn lojú ń rí i, ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, òun náà á sì tẹ̀ lé oòrùn wọ̀ láìpẹ́. Èyí tó kún ló máa ń yọ bí oòrùn bá ń wọ̀, tí yóò wà lókè mọ́jú. Lẹ́yìn tó bá ti kún, ojoojúmọ́ ló ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i kó tó yọ, nítorí náà ohun tó ń yọ ní ọ̀gànjọ́ òru ni òṣùpá tó ti fá dé ìdajì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó kún. Mú ìwé kan, kọ ọjọ́ tí òṣùpá kún nínú ìtàn rẹ sí i, kó o máa kà á láti ibẹ̀. Ọdẹ kì í fẹ́ràn òṣùpá tó kún náà tó bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe rò. Ẹran ń rí i bí òun ṣe ń rí ẹran.

Ìrọ̀lẹ́ wa kì í sì í gùn. Ní Iléṣà, oòrùn ń wọ̀ láàárín nǹkan bí 6:20 sí 7:05 jálẹ̀ ọdún, bó bá sì ti wọ̀, kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ lọ tí ilẹ̀ fi ṣú. Lábẹ́ igi ńlá, ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọdẹ mẹ́rin bá ń wá ibi tí wọn yóò sùn sí nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n ti pẹ́ jù. Aago márùn-ún ló yẹ kí wọ́n ti máa ṣa igi.

Gígun òkè lóru láìsinmi títí ilẹ̀ fi mọ́ ńkọ́? Ìṣirò kan wà tí ará Scotland kan tó ń jẹ́ Naismith gbé kalẹ̀ ní 1892, àwọn agunkè ṣì ń lò ó: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 600 mítà tí a bá gùn. Ọ̀nà tó là gaara nìyẹn ń sọ o. Nínú igbó tí àdá ń là, kìlómítà kan sí méjì ní wákàtí kan ni kó o kà á sí. Fi kìlómítà 15 àti òkè 300 mítà wò ó: wákàtí mẹ́ta fún ilẹ̀, ààbọ̀ wákàtí fún òkè, lójú ọ̀nà tó dára. Pẹ̀lú ẹrù àti igbó, ọjọ́ kan gbáko ti lọ, bóyá pẹ̀lú àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹrù wá ni ibi tí ọ̀pọ̀ ìtàn ti ń rá sí wẹ́wẹ́. Gàrí 500 gíráàmù lóòjọ́ fún ọdẹ kan ń fún un ní nǹkan bí kálórì 1,800, kò tó ẹni tó ń gun òkè, àmọ́ pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ díẹ̀, ẹ̀mí á gbé e. Ọdẹ mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́fà: kílò 12 gàrí. Kò burú, kílò mẹ́ta-mẹ́ta. Omi ni wàhálà. Lítà mẹ́ta ní ọjọ́ kan fún ẹnì kan kò pọ̀ nínú ooru, lítà kan sì jẹ́ kílò kan. Ọdẹ mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ kílò 72. Kò sẹ́ni tó lè gbé ìyẹn pẹ̀lú ìbọn. Ìyẹn ni pé odò ló máa pinnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, kì í ṣe ìwọ òǹkọ̀wé. Ya àwòrán ilẹ̀ náà, fi odò sí i kó o tó fi ẹbọra sí i. Lẹ́yìn náà, mú odò kan gbẹ.

Ìbọn ṣakabùlà: ẹ̀tù kì í fẹ́ ọ̀rinrin. Inú ató tí a dí lẹ́nu dáadáa ló ń gbé. Bí kùrukùru bá wọ inú ẹ̀tù, ìbọn á kàn ṣe "ṣáà" lásán, iná ò ní dé inú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ̀rù tó wà nínú "ṣáà" yẹn ju ti ẹbọra olórí mẹ́ta lọ. Iná alẹ́: bí ìtàn rẹ bá jẹ́ ti ayé àtijọ́, má fi àtùpà kábáàdì sí i, ohun tuntun nìyẹn. Ògùṣọ̀ ni. Ìhá ẹyìn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún epo rẹ̀ tán. Epo díẹ̀ tó ṣẹ́kù sára rẹ̀ ló ń jẹ́ kó gbaná kíákíá. Ó ń rùn, ó ń ta epo gbígbóná sílẹ̀, ẹni tó bá gbé e sókè jù, ọwọ́ rẹ̀ ló máa jó.

Kálámù-Ìjẹ̀ṣà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n méjèèjì. Mo ti nu yìnyín àti òṣùpá kúrò. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ kó jẹ́ báyìí. Ṣé mo lè fún Ọdẹ́rìndé ní egbé, kó lè fò kọjá ibi tí ìrìn náà bá ti ń falẹ̀?

Ìyá-Ìwé (Ilé-Ifẹ̀)

Ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òǹkàwé bá ti mọ̀ pé egbé wà lápò ọdẹ, gbogbo ìṣirò tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe lókè yẹn ti di òfò. Bó o bá máa lò ó, sọ ọ́ kí ìdí rẹ̀ tó dé, ní orí kìíní, kó o sì fi ààlà sí i: ilé nìkan ni egbé ń gbéni lọ, kì í gbéni lọ síbi tí ẹsẹ̀ ẹni kò tíì tẹ̀ rí, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gbé. Ọdẹ mẹ́rin, egbé kan tó ń gbéni padà sílé. Ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn láàárín wọn lórí òkè, kò tilẹ̀ tíì sí ẹbọra.

Ní ti ìwé tí a máa ń padà sí, ẹnu kò ní kò sí lórí Fágúnwà. Ọmọ Òkè-Igbó ni, kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀ níbí, 1938 sì ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ìwé ìfọ̀kànbalẹ̀ ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí ohùn tó wà níbẹ̀ dà bí ti àgbà tó ń sọ̀rọ̀ lójú àgbàlá. Èèyàn lè ṣí i síbi tó bá wù ú, kó ka ojú ìwé méjì, kó pa á dé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: bó o bá lọ síbẹ̀ lọ kọ́ bí a ṣe ń júwe òkè, wàá padà lọ́wọ́ òfo. Òkè Láńgbòdó ni wọ́n ń lọ, àmọ́ wo iye gbólóhùn tó sọ nípa òkúta rẹ̀. Ohun tí Fágúnwà fi kún ọ̀nà ni àwọn èèyàn tó ń rìn ín: Kàkò pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, Ìmọ̀dòye pẹ̀lú ọgbọ́n rẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ pẹ̀lú orin rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohun tó lè ṣe, ìdènà kọ̀ọ̀kan sì ń bèèrè ẹni kan. Wọ́n sì tún yà sí ilé olójúlé méje, Ìrágbèje ń bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ méje ìjókòó nínú ìwé ìrìn àjò! Ẹ̀kọ́ tó yẹ kó o mú níbẹ̀ nìyẹn: ibi ìsinmi ni òǹkàwé máa ń fẹ́ padà sí. Nínú Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje, tó jáde ní 1954, òkè tí wọ́n ń lọ tilẹ̀ ń jẹ́ Òkè Ìrònú. Orúkọ yẹn nìkan ti sọ fún ọ pé kì í ṣe òkúta ló ń kọ.

Òkè-Ọ̀rà

Màmá, mo júbà, àmọ́ n kò fara mọ́ ìdajì kan níbẹ̀. Fágúnwà kò ka òkúta nítorí àwọn tó ń kọ ọ́ fún mọ òkúta. Ẹni tó ti Òkè-Igbó wá kò ní láti ṣàlàyé igbó fún ará Òǹdó tàbí ará Ifẹ̀. Igbó àti òkè kì í ṣe méjì níbí. Orí òkè gan-an nigbó. Ìṣòro àbúrò wa yìí ni pé àwọn òǹkàwé rẹ̀ lónìí ń gbé inú ìlú, wọn kò mọ ìhá ẹyìn mọ́.

Ìyá-Ìwé

Mo gbà fún ẹ níbẹ̀ o, Òkè-Ọ̀rà. Síbẹ̀, ibi kan náà la bá ara wa: kó lọ kọ́ òkúta níbòmíràn, kó kọ́ èèyàn lọ́dọ̀ Fágúnwà.

Níbòmíràn wo? Tolkien, Gẹ̀ẹ́sì tó gbé The Hobbit jáde ní 1937. Ní 1911, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, òun àti àwọn kan fi ẹsẹ̀ rin àwọn òkè Switzerland. Nínú lẹ́tà kan tó kọ sí ọmọ rẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó ní ara ìrìn yẹn lòun ti mú ìrìn Bilbo, olú ẹ̀dá ìtàn inú ìwé náà, kọjá àwọn òkè ńlá, títí kan bí wọ́n ṣe ń yọ̀ wálẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ wọ inú igbó. Ó tún sọ bí òkúta ńláńlá ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n: ọdún náà gbóná, yìnyín tó di òkúta mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ń yọ́, òkúta sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀, ó ń yí bọ̀ wá sórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Wò ó dáadáa. Ooru ló ṣí òkúta sílẹ̀. Kò ní láti sọ pé "òkè ń dẹ́rù bani".

Má wá lọ gbé yìnyín rẹ̀ wá sí Ìjẹ̀ṣà o! Ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀ ni kó o gbé. Tiwa ni pé òjò ńlá mu ilẹ̀ tó di òkúta pẹlẹbẹ mú, ilẹ̀ rọ̀, òkúta sì yọ.

Bí a ṣe ń ka ìwé tí a ti mọ̀ tán fún iṣẹ́: mú bírò mẹ́ta tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, ka ojú ìwé 30 péré. Fi ọ̀kan fàlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ẹsẹ̀, ọwọ́ tàbí awọ ara ti kan ilẹ̀. Fi èkejì sábẹ́ oúnjẹ àti omi. Fi ẹ̀kẹta sábẹ́ ọ̀rọ̀ bí "ó lẹ́wà", "ó ga", "ó ń bani lẹ́rù". Ṣe bákan náà sí orí kẹta tìrẹ. Nínú gbólóhùn mélòó kan tó o fi ránṣẹ́ yẹn, bírò kẹta ti ṣiṣẹ́ nígbà mẹ́ta, bírò kejì kò ṣiṣẹ́ rárá.

Òṣómàáló1

Bírò mẹ́ta! Ìwé ìfọ̀kànbalẹ̀ ti di ìdánwò.

Tèmi ò ní ẹbọra kankan nínú: Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, 1969. Lápàdé ń lé ọ̀daràn kiri, èdè ń já gaara bí omi ẹ̀rọ. Òǹkọ̀wé àràmàǹdà tó bá ń ka ìtàn àràmàǹdà nìkan, ẹbọra rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ bí ẹbọra inú ìwé ẹlòmíràn. Kó máa ka ohun tí àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn.

Ọmọ-Ọlọ́dẹ

Òótọ́ lo sọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Mo gbàgbé ààrá. Àbúrò, bí ìlú inú ìtàn rẹ bá súnmọ́ Ifẹ̀, má kàn sáré lọ mú Ṣàngó. Ọ̀ràmfẹ̀ ni Ifẹ̀ mọ̀ sí ẹlẹ́ààrá. Ìjì tiwa sì ní bó ṣe ń dé: ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló wọ́pọ̀, ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá, ìkùukùu dúdú bí ògiri. Ẹ̀fúùfù líle ló ń ṣáájú, ewé àti eruku á fò, ara á tutù lójijì, ẹ̀yìn náà lòjò. Bí mànàmáná bá kọ, ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ààrá yóò fi sán. Mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kan. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, kìlómítà méjì péré ló kù. Ẹni tó wà ní góńgó òkè gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sá sábẹ́ igi tó dá dúró. Ọdẹ tó ń kà á sókè, "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta...", tí ìṣirò náà ń kéré sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á dára.

Sísọ̀kalẹ̀ tún ni o. Ìwọ kọ "wọ́n ti dé orí òkè", o sì dánu dúró. Orúnkún tó ti rẹ̀, ojú tó rò pé iṣẹ́ ti tán, ẹrù tó ń ti èèyàn látẹ̀yìn: ibẹ̀ lẹsẹ̀ ti ń yẹ̀. Bí ẹnì kan bá máa kú nínú àwọn mẹ́rin, jẹ́ kó jẹ́ lọ́nà ilé.

Olùtọ́jú-Ojúlé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ bí ìwé náà ṣe máa parí fún ẹni tó ń kọ ọ́. Ẹ máa bá a lọ.

Òkè-Ọ̀rà

Gbólóhùn kan lórí ìdí tí òkè fi ní orúkọ. Kì í ṣe gíga ló ń sọ òkè di ńlá níbí. Òkè Ọ̀rà lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀ kò ga tó Ìdànrè, àmọ́ ibẹ̀ ni ìtàn kan sọ pé Odùduwà ti sọ̀ kalẹ̀ wọ ìlú. Òkè Ìtasẹ̀ wà láàárín ilé gan-an, Ifá ló sọ ọ́ di ńlá. Nítorí náà Òkè Adákẹ́ kò nílò kó ga. Kí ni àwọn ará ìsàlẹ̀ kì í ṣe nítorí rẹ̀? Ta ni kì í kọjú sí i bó bá ń jẹun? Èyí kò náni ju gbólóhùn méjì lọ.

Kálámù-Ìjẹ̀ṣà

Ẹ bá mi wo èyí. Akọ òkúta ni mo mú.

"Ní ìlú wa, ẹnikẹ́ni kì í pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ bó bá kọjú sí Òkè Adákẹ́, ṣe ló ń yí ẹ̀yìn padà kó tó pè é. Ní ọjọ́ kẹta ìrìn wọn, omi inú akèrègbè Ọdẹ́rìndé kò ju ẹnu méjì lọ. Ihò tí wọ́n fọkàn sí lórí òkúta ti gbẹ, ewé gbígbẹ mẹ́ta ló kù nínú rẹ̀. Oòrùn wà ní àtàrí. Àkànní, àbíkẹ́yìn wọn, ń fò láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì bí ẹni tó tẹ eérú gbígbóná. Ọ̀fàfà kan ń ké nínú igbó nísàlẹ̀. Ọdẹ́rìndé wo ìhà ìlà-oòrùn, ó rí ògiri dúdú tó ń bọ̀, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn nítorí omi. Lẹ́yìn náà ló wo ilà dúdú tí Àkànní dúró lé."

Ìyá-Ìwé

Ó ti di òkè. Yọ "bí ẹni tó tẹ eérú gbígbóná" kúrò. Fífò yẹn ti sọ ọ́. Gbólóhùn tó kẹ́yìn, má fọwọ́ kàn án.

Òkè-Ọ̀rà

Oòrùn ní àtàrí àti ìjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó yá díẹ̀. Sún un sí aago mẹ́ta. Òkúta á ṣì gbóná dáadáa, òun gan-an sì ni ìgbà tí ìkùukùu ń kó ara jọ.

Ọmọ-Ọlọ́dẹ

Ọ̀fàfà kì í ké lọ́sàn-án, àbúrò. Ẹran òru ni. Igbe rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń yára, ó ń le sí i títí tí yóò fi dà bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn, tí yóò sì dákẹ́ lójijì. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí á gbàgbọ́ pé èèyàn ló ń kú nínú igi. Gbé e lọ sí òru ọjọ́ yẹn, nígbà tí ó bá ku ọdẹ mẹ́ta nídìí iná.

Kálámù-Ìjẹ̀ṣà

Mo ti gbé e.